Àmì Èédú Lára Ògiri

Nílé wa ní Ìtòkò, lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá ìyá mi,
àmì èédú wà lára ògiri títí dòní.
Gbogbo ọjọ́ Ìkórè, kí a tó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì,
Màmá á ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri,
á gbé abẹ́bẹ̀ lé mi lórí pẹrẹsẹ,
á fa ìlà, á kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.
“Ṣówùnmí, dúró dáadáa. Má na ìka ẹsẹ̀.
Ọlọ́run kò fẹ́ gíga èrú.”

Ọdún tí mo pé méjìdínlógún ni ìlà náà dúró.
Mo rò pé ìdàgbà ti parí, ó ku ìgbàgbọ́.

Mo sì gbàgbọ́, ẹ má tàn mí.
Ààwẹ̀ ọjọ́ méje, ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún,
ìṣọ́ òru lórí àpáta tí ìrì ń sẹ̀ sí wa lórí,
tí iná Abẹ́òkúta tàn nísàlẹ̀
bí ẹyin iná tí ọmọdé dà sílẹ̀.
Orúnkún mi yi bí awọ àtẹ́lẹsẹ̀.
Wọ́n ń pè mí ní jagunjagun àdúrà,
mo ń dáhùn.

Ṣùgbọ́n ó di ọdún kẹsàn-án
tí èmi àti Ṣógbèsàn kò kí ara wa,
ọmọ ìyá mi, tí a jọ sùn lórí ẹní kan,
nítorí ilẹ̀ tí kò ju kí ewúrẹ́ méjì jẹko lórí ẹ̀.
Ìwé tí mo rà láti fi kún ìmọ̀ mi,
eku ti bá mi kà á tán.
Ní Ìdí-Àbá, dókítà kan tí mo lè bí lọ́mọ
tú aṣọ ìfúnpá kúrò ní apá mi,
ó wo nọ́ńbà, ó wo ojú mi,
ó ní, “Bàbá, ta ni ẹ ń bá jà?”

N kò rí èsì fún un.

Mo délé, mo dúró níwájú ògiri.
Bí èédú bá mọ ibi tí orí dé,
ta ni yóò gbé abẹ́bẹ̀ lé sùúrù mi lórí?
Iṣu tí gbogbo agbára rẹ̀ lọ sí ewé,
ọjọ́ tí a bá wà á ni à ń mọ̀.
Olúwa fúnra rẹ̀, ṣé kì í ṣe Násárẹ́tì ló ti dàgbà?
Ó ń fá igi, ó ń jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀,
ó ń kí ará àdúgbò ní àárọ̀,
ara ń gùn, òye ń jinlẹ̀,
ọdún ń gorí ọdún, kò sí ẹni tó ń pariwo rẹ̀.

Dókítà ní kí n máa rìn.
Mo ní n ó jẹ́ kí ìrìn náà dé ibì kan.
Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, mo fẹsẹ̀ rìn dé Láfẹ́nwá.
Lórí afárá, mo dúró mí.
Odò Ògùn ń lọ nísàlẹ̀, kò kánjú,
bẹ́ẹ̀ ló sì ń dé òkun.

Ṣógbèsàn jókòó níwájú ilé, ó ń tú rédíò.
Kò dìde. Èmi náà kò mọ ohun tí n ó wí.
Mo fa àpótí, mo jókòó.
Ó pẹ́.
Ìyàwó rẹ̀ gbé láfún jáde, àwo kan,
omi ìfọwọ́ kan.
A fọwọ́.
A kò tíì sọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Lánàá, mo pe Ìbídùn ọmọ mi sí yàrá.
Mo fẹ̀yìn ti ògiri, mo ní kó gbé abẹ́bẹ̀ lé mi lórí.
Ó fa ìlà, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín:
“Bàbá, ẹ ti kúrú o! Ìka kan gbáko!”
Mo ní kó kọ ọdún sí i.
N kò na ìka ẹsẹ̀.